Ẹ Bi Wá: Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Kọ́ọ̀tù àti Ẹni Tí Kò Lówó Lọ́yà

Lẹ́tà tó wọlé lórí kílíníìkì òfin pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé wa gbà lọ, nítorí náà a ṣa márùn-ún. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: kílíníìkì òfin ni ọ́fíìsì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì ń dá sílẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ran aláìní lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ojú lọ́yà. Láti 2003 ni NULAI, àjọ tó so àwọn kílíníìkì òfin yunifásítì pọ̀, ti ń tì í kiri Nàìjíríà. Yunifásítì Adekunle Ajasin ní Àkùngbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ní èyí tó jẹ́ ti àwọn obìnrin.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi wà ní ọdún kẹrin ẹ̀kọ́ òfin, ó sì wà nínú kílíníìkì ilé ìwé wọn. Aládùúgbò wa kan tó ní ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù májísíréètì ń bẹ̀ wá pé kí ọmọ náà wá gbẹnu sọ fún òun níwájú adájọ́. Ṣé ó lè ṣe é? — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Rárá, mà. Ẹ má jẹ́ kó dán an wò. Ohun tí òfin Legal Practitioners Act wí ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ àwọn lọ́yà ní Supreme Court ló lè ṣe iṣẹ́ lọ́yà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń ṣe bíi lọ́yà láìjẹ́ lọ́yà ti rú òfin. Fún ọmọ yín, ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: kí wọ́n tó pe ènìyàn sí iṣẹ́ lọ́yà, Body of Benchers, ìgbìmọ̀ tó ń pe ènìyàn sí i, a máa yẹ ìwà rẹ̀ wò. Àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ kì í tètè parẹ́. Àwọn tó ti parí yunifásítì tí wọ́n wà ní Nigerian Law School pàápàá kò tíì lè dìde sọ̀rọ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ẹlòmíràn á ní òun gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ọ̀tù ibẹ̀ ló kọ òfin pàtàkì tó fàyè gbà á, lọ́yà kan á sì dúró tì í. Àwa kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Ohun tó lè ṣe fún aládùúgbò yín pọ̀, tí kílíníìkì bá ti gba ẹjọ́ náà wọlé. Ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ó lè bá a wá ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn ní ọ́fíìsì akọ̀wé kọ́ọ̀tù, nítorí ọ̀pọ̀ olùjẹ́jọ́ ló ń lọ ló ń bọ̀ tí wọn kò tíì rí ẹ̀sùn wọn kà. Ó lè wá òfin tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, kó kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún lọ́yà láti yẹ̀ wò, kó sì mú ọkùnrin náà lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tí òfin 2011 tó gbé àjọ náà ró fi ṣe òdiwọ̀n ni owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè, tó ti di ₦70,000 láti 2024. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju ìyẹn lọ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, àfi níbi tí ìgbìmọ̀ àjọ náà bá rí ìdí pàtàkì. Kí ó mú ẹ̀rí owó tó ń wọlé dání.

Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé ńkọ́? Kí ọmọ yín má buwọ́ lu ìwé kankan tó ń lọ sí kọ́ọ̀tù. Nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke ní 2007, Supreme Court da ìwé nù torí pé orúkọ ilé iṣẹ́ lọ́yà ni wọ́n fi buwọ́ lù ú, tí kì í ṣe orúkọ lọ́yà kan pàtó. Bí ti ilé iṣẹ́ lọ́yà bá lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo ti akẹ́kọ̀ọ́.

Olùkọ́ ni mí ní ẹ̀ka òfin. A fẹ́ kí kílíníìkì wa bá àwọn kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ wa ṣiṣẹ́ pọ̀. Májísíréètì kan ti gbà tayọ̀tayọ̀. Kí ló kù, kí ló sì yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn? — Olùkọ́, Ọ̀ṣun

Májísíréètì yẹn ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni kọ́ọ̀tù. Wọ́n ń gbé májísíréètì kiri; bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn lọ́la, àdéhùn ẹnu bá a lọ nìyẹn. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, nípasẹ̀ Chief Registrar, akọ̀wé àgbà kọ́ọ̀tù. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà kúrú, ojú ìwé kan, kó sì dárúkọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ bá wọn ṣe. Lẹ́tà tó bá ní “a fẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lórí gbogbo nǹkan” kì í rí èsì.

Nípa ti ẹni tí yóò buwọ́ lùwé níhà tiyín, ọ̀pọ̀ ló ń ṣi í ṣe. Ẹ̀ka òfin kì í ṣe ẹni lójú òfin, yunifásítì ni. Ọ̀gá ẹ̀ka nìkan kò lè so yunifásítì mọ́ àdéhùn, àfi tí àwọn aláṣẹ bá fún un láṣẹ. Ẹ gbé e gba ọ́fíìsì òfin yunifásítì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Vice-Chancellor. Ó máa ń pẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ tó ṣáájú kò tíì parí.

Ẹ tún fi orúkọ kílíníìkì sílẹ̀ lọ́dọ̀ Legal Aid Council. Òfin 2011 yẹn ní kí wọ́n ní ìwé orúkọ àwọn kílíníìkì òfin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà níbẹ̀ máa ń rọrùn fún kọ́ọ̀tù láti gbà wọlé.

Ẹ wá yan iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Oríṣi méjì ló wà, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni tábìlì ìtọ́nisọ́nà ní ọgbà kọ́ọ̀tù: akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síbẹ̀, á máa sọ yàrá tí ẹjọ́ wà fún ènìyàn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń wá, ibi tí wọ́n ti ń búra sí ìwé ìbúra, àti ìgbà tí ọjọ́ ẹjọ́ bọ́ sí. Èkejì ni kí kílíníìkì gba oníbàárà kí ó sì bá a gbé ẹjọ́ rẹ̀. Tábìlì jẹ́ ti gbogbo ayé. Olùpẹ̀jọ́ lè wá láàárọ̀, kí olùjẹ́jọ́ ẹjọ́ kan náà wá lọ́sàn-án. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó níbẹ̀ bá ti gbọ́ àṣírí apá kan, tó tún wá ń tọ́ apá kejì sọ́nà, àárín ìjà ló dúró sí yẹn, orúkọ kọ́ọ̀tù gan-an á sì bá a rẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀: ẹni tó bá jókòó ní tábìlì ní sáà yìí kò ní gba oníbàárà láti kọ́ọ̀tù yẹn. Ẹ kọ gbólóhùn kan tí wọn yóò máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé tábìlì, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú tábìlì: “Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, a kì í ṣe lọ́yà yín, a kò sì ní sọ fún yín ẹni tí yóò jàre.”

Tí ẹ bá bi wá, ẹ fi tábìlì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró ní sáà kan kí ẹ tó gba oníbàárà. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò pàdánù ẹjọ́ torí òfin. Ọjọ́ ẹjọ́ ni wọn kò mọ̀, tàbí kí ìwé ìpè má tíì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí àwọn nǹkan wọ̀nyí hàn kedere. Ọjọ́ àti aago tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá, àti iye wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta tó fún kọ́ọ̀tù kékeré. Orúkọ ipò òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tí wọn yóò máa jábọ̀ fún, kí ó má jẹ́ orúkọ ènìyàn. Fáìlì tí wọ́n lè fọwọ́ kàn àti èyí tí wọn kò gbọdọ̀ kàn: ẹjọ́ ọmọdé, ti ìfipábánilòpọ̀ àti ti ìdílé kì í ṣe fún ojú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Ẹ̀yin ni, kọ́ọ̀tù kì í san án, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì rí owó ọkọ̀ kò ní wá lọ́sẹ̀ kẹta. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ̀sùn nípa akẹ́kọ̀ọ́. Àti bí àdéhùn yóò ṣe parí, pẹ̀lú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹjọ́ tí kò tíì tán.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń bá kílíníìkì púpọ̀ jẹ́. Ìdánwò á dé, àwọn ọmọ á lọ sílé, ẹjọ́ kò sì mọ̀ pé ìdánwò dé. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ti àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù, JUSUN, ní 2021 ti ilẹ̀kùn kọ́ọ̀tù fún nǹkan bí oṣù méjì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹjọ́ ní ojú ìwé kan níwájú fáìlì: orúkọ ẹjọ́, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, ọjọ́ tó kàn, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, orúkọ lọ́yà tí yóò lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tún un kọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Lọ́yà alábòójútó tó bá gbé fáìlì náà lójijì yẹ kó lè wọ kọ́ọ̀tù láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Lọ́yà kan kò yẹ kó bójú tó ju akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ lọ, ní tiwa. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kíka ni yóò máa ka ìwé kọjá, kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà níbẹ̀: Òfin Ẹ̀rí 2011 dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá lọ́yà sọ, ó sì nà án dé ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ àti akọ̀wé lọ́yà. Kò dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ buwọ́ lù nígbà tó ń wọlé sọ ọ́ pé abẹ́ lọ́yà báyìí, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀, ni òun ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan jẹ mí ní ₦1,800,000 owó ọjà láti ọdún tó kọjá. Èkó ni àwa méjèèjì wà. Lọ́yà tí mo bá sọ̀rọ̀, owó rẹ̀ ga. Ṣé kílíníìkì akẹ́kọ̀ọ́ lè bá mi gbà á? — Oníṣòwò, Mushin

Wọn kò ní bá yín gbà á, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbà á, àwọn á sì tọ́ yín sọ́nà. Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré lábẹ́ àwọn májísíréètì. Ìlànà ọdún náà fi òpin owó sí mílíọ̀nù márùn-ún náírà, láìka èlé àti ìnáwó ẹjọ́, ó sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ènìyàn lè sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìní lọ́yà, ìdí sì nìyẹn tí kọ́ọ̀tù náà fi bá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mu gan-an.

Owó tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbọ́. ₦1,800,000 ọjà tí ẹ gbé fún un dájú. “Ó bà mí lórúkọ jẹ́, kó san mílíọ̀nù kan mọ́ ọn” kò dájú; tí ẹ bá fi kún un, ẹ ti ba ti yín jẹ́.

Lẹ́tà ìbéèrè owó ló ń ṣáájú, fọ́ọ̀mù SCA1. Ẹ kọ iye owó, ohun tó bí i, àti ọjọ́, kí ẹ sì fi jíṣẹ́ fún un. Ibi tó ti ń wọ́ nìyí: ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé lẹ́tà náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí ó buwọ́ lu ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́. Tó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, kí ẹni tó bá yín lọ kọ ohun tó rí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá san án, fọ́ọ̀mù SCA2 ni ẹ ó kún ní ọ́fíìsì akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti wúlò jù.

Ẹ jẹ́ kó bá yín wo nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Orúkọ olùjẹ́jọ́: “Ìyá Sikirá Ventures” tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù lè má jẹ́ ẹni kankan lójú òfin, ẹ wá orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ pe ẹni náà gan-an lórúkọ. Àdírẹ́sì: ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí aṣojú kọ́ọ̀tù lè dé, pẹ̀lú nọ́ńbà àti àmì tí wọ́n fi ń mọ ibẹ̀. “Lẹ́yìn mọ́sálásí” nìkan kò tó. Ẹ̀rí: tí ó bá jẹ́ pé lórí WhatsApp ló ti ní “màá san án lóṣù tó ń bọ̀”, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ má pa èyí tó wà lórí fóònù rẹ́, kí kílíníìkì sì bá yín ṣe ìwé ẹ̀rí tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ń béèrè fún ohun tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde. Ẹ kó rìsíìtì àti ìwé báńkì jọ, kí ẹ tò ó láti èyí tó pẹ́ jù.

Nígbà tí ìwé ìpè bá kàn án lọ́wọ́, ọjọ́ méje ló ní láti fèsì. Ẹ má rò pé ó ti tán tí kò bá fèsì o. Ẹ wá sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Olùpẹ̀jọ́ tí kò yọjú ló ń fún onígbèsè ní ìsinmi.

Wọ́n mú àbúrò mi lọ́jọ́ Ajé nítorí gbèsè. Ọjọ́bọ̀ rèé, ó ṣì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ń béèrè owó béèlì. Àwọn ọmọ kílíníìkì kan fún mi ní ìwé ìléwọ́. Kí ni wọ́n lè ṣe? — Ẹ̀gbọ́n, Abẹ́òkúta

Ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ má dúró di Ajé. Gbèsè lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, ACJA, sọ pé kí wọ́n má mú ènìyàn torí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ṣe tiwọn, ti ìpínlẹ̀ yín sì ni kílíníìkì yóò mú dání. Èyí tó borí gbogbo wọn ni Òfin Orílẹ̀-èdè 1999. Abala 35 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú lọ sí kọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ kan tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí láàárín ọjọ́ méjì, àfi tí kọ́ọ̀tù bá rí ìdí láti fi kún un. Kọ́ọ̀tù pọ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ti kọjá ààlà.

Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò gbọdọ̀ lọ bá ọlọ́pàá. Pẹ̀lú lọ́yà kílíníìkì ni. Lọ́yà á béèrè béèlì lọ́wọ́ DPO, ọ̀gá àgọ́ náà. Béèlì ọ̀fẹ́ ni. Oníduúró ni wọ́n ń wá, kí ó mú ìwé ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí àdírẹ́sì wá. Tí wọ́n bá ní obìnrin kò lè ṣe oníduúró, irọ́ ni. ACJA sọ ọ́ ní abala 167 pé kí wọ́n má tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́. Tí ọlọ́pàá bá kọ̀, a lè tọ kọ́ọ̀tù lọ fún ẹni tó bá ti lo ju wákàtí 24 lọ lórí ẹ̀sùn tí kì í ṣe ti ikú. Ẹnu pàápàá ni wọ́n lè fi béèrè rẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, kò dìgbà tí a bá kọ ìwé rẹpẹtẹ.

Nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó kọ sílẹ̀: kí lọ́yà rẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council wà níbẹ̀. Tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí wọ́n pe ògbufọ̀, kí wọ́n kà á sí i létí ní Yorùbá kó tó buwọ́ lù ú. Ohun tó bá buwọ́ lù lónìí ni wọn yóò kà jáde ní kọ́ọ̀tù lọ́la.

Ohun kan wà tí kílíníìkì tó bá ní àdéhùn pẹ̀lú kọ́ọ̀tù lè ṣe ju èyí lọ. ACJA ní kí májísíréètì àgbà máa bẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò ní oṣooṣù, ó kéré tán. Akẹ́kọ̀ọ́ lè to orúkọ àwọn ẹbí tó ti wá fi ẹjọ́ sùn, ọjọ́ tí wọ́n mú ènìyàn wọn àti àgọ́ tó wà, kí lọ́yà fi ṣọwọ́ sí kọ́ọ̀tù kí ọjọ́ àbẹ̀wò tó pé. Àbẹ̀wò tí a kò fi orúkọ ṣọwọ́ sí máa ń parí sí orí káńtà. Bákan náà ni ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí àwọn tí kò tíì gba ìdájọ́ ti pọ̀ ju àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ lọ: lábẹ́ ACJA, àṣẹ àtìmọ́lé kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ ní àkọ́kọ́, tí wọ́n bá sì fẹ́ ọjọ́ 14 mìíràn wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè. Kàlẹ́ńdà akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ka ọjọ́ wọ̀nyẹn lè yọ ènìyàn.

Mo wà ní Law School, wọ́n sì fẹ́ pín wa sí kọ́ọ̀tù, lẹ́yìn náà sí ọ́fíìsì lọ́yà. Kí ni adájọ́ ń retí lọ́dọ̀ mi? — Akẹ́kọ̀ọ́, Èkó

Kí ẹ tètè dé kí adájọ́ tó jókòó, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ẹ máa kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín lójoojúmọ́, nítorí àwọn tó máa bi yín léèrè nínú àyẹ̀wò iṣẹ́ yín máa ń mọ èyí tí ẹ fi òru ọjọ́ kan kọ. Ẹ má kàn kọ “wọ́n sún ẹjọ́ síwájú”. Ẹ kọ ìdí tí wọ́n fi sún un: ẹlẹ́rìí kò wá, wọn kò gbé olùjẹ́jọ́ wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, tàbí ìwé ìpè kò tíì dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó rí i pé ìdí mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń yí po. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ti mọ bí yóò ṣe múra ẹjọ́ tirẹ̀.

Bí ẹ bá ti ń jókòó nítòsí adájọ́, ẹ má bá ẹni tó ní ẹjọ́ níbẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ rẹ̀, àní ní ibi tí ẹ ti ń jẹun. Kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà tí wọ́n pín yín sí, ẹ wò ó bóyá ọ́fíìsì náà ní ẹjọ́ níwájú adájọ́ tí ẹ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Tó bá ní, ẹ sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má gbé fáìlì ẹjọ́ yẹn fún yín rárá.